Kí Hakim Gbé Oògùn Rẹ̀ Wá Sórí Ìwọ̀n

Ọ̀rọ̀ kan ti wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lára débi pé ẹni tó bá jiyàn rẹ̀, ẹrú òyìnbó ni wọ́n á pè é. Wọ́n ní bí ẹṣẹ́ táírọ́ìdì tó wà lọ́rùn kò bá ṣiṣẹ́ tó mọ́, kóró oògùn tí dókítà ń kọ fúnni kàn ń bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ ni. Ewé àti egbò ló ń hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ẹ ó gbọ́ ọ ní àdúgbò Ballimaran ní Delhi, níbi tí àwọn hakim, ìyẹn àwọn oníṣègùn Yunani, ti ń wo aláìsàn láti ìran dé ìran. Ẹ ó gbọ́ ọ ní Hyderabad, ẹ ó gbọ́ ọ ní Lahore. Ẹ kò tilẹ̀ nílò bàálù kí ẹ tó gbọ́ ọ: kóró dúdú tí àwọn hakim ń pè ní kalonji ni Habbatu Sauda tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí wa lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìlérí tó ń bá a rìn lọ́hùn-ún náà ló ń bá a rìn níbí.

Irọ́ ni ìlérí náà, ó sì ń ṣe ènìyàn léṣe. Èmi kò bá ewé jà. Ṣùgbọ́n àìsàn táírọ́ìdì wà lára àwọn àìsàn tí a lè rí nọ́ńbà wọn kedere nínú ẹ̀jẹ̀, lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lọ́jọ́ tó lọ. Ẹni tó bá ní òun wò ó sàn, ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ nà sí wa, kó tó na ọwọ́ gba owó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún ẹlẹ́tọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìṣègùn Yunani jìnnà sí ti ẹni tó ń pariwo oògùn gbogbo-nìṣe nínú mọ́tò. Ilẹ̀ Gíríìkì ló ti ṣẹ̀, lọ́wọ́ Hippocrates àti Galen. Àwọn onímọ̀ tú u sí èdè Lárúbáwá, wọ́n sì fi tiwọn kún un. Ibn Sina, tí wọ́n bí ní 980 tó sì kú ní 1037, kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé al-Qanun, èyí tí wọ́n fi kọ́ àwọn dókítà Yúróòpù pàápàá fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ní Íńdíà lónìí, ìjọba ò fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn: Yunani wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní AYUSH, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2014, àwọn yunifásítì ń fi oyè rẹ̀ dá akẹ́kọ̀ọ́ lọ́lá, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọba kọ́ fún un sì wà ní Bengaluru. Èmi ò ní pe irú hakim bẹ́ẹ̀ ní gbájúẹ̀. Nítorí pé ó kàwé gan-an ni mo ṣe ní ìbéèrè fún un.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ̀. Obìnrin kan jókòó síbẹ̀. Ojú rẹ̀ wú, ohùn rẹ̀ ti ki, awọ ara rẹ̀ gbẹ, irun orí rẹ̀ ń re. Òtútù ń mú un nígbà tí àwọn yòókù ń làágùn. Ó ń sanra láìjẹun púpọ̀, ìgbọ̀nsẹ̀ dogun, nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti dé, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má lọ mọ́. Hakim di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi ìka gbọ́ bí iṣan ṣe ń lù, ó ní balgham, ìyẹn kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Nínú ìmọ̀ tiwọn, omi mẹ́rin ló gbé ara ró: ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróǹro pupa rúsúrúsú àti òróǹro dúdú. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tutù, ó sì rin. Nítorí náà oògùn tó gbóná tó sì gbẹ ni wọ́n á fi bá a wí. Bí egbò tí wọ́n ń pè ní asgand ṣe wọ inú ìkòkò nìyẹn, bí muqil, oje igi tí àwọn mìíràn mọ̀ sí guggul, ṣe wọ ibẹ̀, bí kalonji ṣe wọ ibẹ̀.

Ojú hakim mú, ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn dù ú. Òtútù, ìlọ́ra, ara wíwúwo: kò sí èyí tó fò dá nínú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó fà á kò hàn sí ìka ọwọ́. Iṣẹ́ ẹṣẹ́ táírọ́ìdì ni kó gba àyọ́dínì inú oúnjẹ, kó fi ṣe họ́mọ̀nù méjì, T4 àti T3, tí gbogbo ara fi ń mọ bí yóò ṣe yára tó. Bí T4 bá dín, ẹṣẹ́ mìíràn tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ á máa tú họ́mọ̀nù tirẹ̀ jáde láti fi tì í níṣẹ́, TSH nìyẹn. Bí ọ̀kan ṣe ń lọ sílẹ̀ ni èkejì ń lọ sókè. Ní 1912, dókítà ará Japan kan, Hakaru Hashimoto, kọ ìwé nípa ẹṣẹ́ táírọ́ìdì àwọn obìnrin kan tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ti kún bámúbámú. Ìgbà tó yá ni ayé wá mọ̀ pé àwọn tó yẹ kó máa ṣọ́ ara ló dojú ìjà kọ ẹṣẹ́ náà, tí wọ́n ń jẹ ẹ́ run díẹ̀díẹ̀. Níbi tí àyọ́dínì bá ti tó nínú iyọ̀, àrùn Hashimoto yìí ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń fa àìsàn náà. Àwọn tó sì ń ṣe kò kéré: ìwádìí kan tó jáde ní 2013, tí wọ́n fi yẹ ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà 5,376 wò nínú ìlú ńlá 8 ní Íńdíà, rí i pé nǹkan bí 11 nínú 100 ni táírọ́ìdì wọn kò ṣiṣẹ́ tó.

Ọ̀rọ̀ gbòǹgbò ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi dẹ wá mú. Ẹ jẹ́ ká wú gbòǹgbò náà. Ẹni tí dókítà ti gé ẹṣẹ́ yìí kúrò lọ́rùn rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ ńkọ́, tàbí ẹni tí wọ́n fi àyọ́dínì onítànṣán jó tirẹ̀ nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ àṣejù? Kò sí ẹṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ewé wo ni yóò mú ohun tí kò sí jí? Ẹni tí Hashimoto ti jẹ ẹṣẹ́ rẹ̀ tán kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹni yẹn. Àpá ló kù níbi tí ilé iṣẹ́ wà tẹ́lẹ̀. Ohun tó kù tí ènìyàn lè ṣe ni kó fún ara ní ohun tí kò rí ṣe fúnra rẹ̀ mọ́, ìyẹn T4 tó wà nínú kóró dókítà. Ẹni tó bá ń pe èyí ní bíbo àìsàn mọ́lẹ̀, kó sọ fún wa ohun tí òun fẹ́ hú.

Wọ́n á tún ní kẹ́míkà ni T4 inú kóró, ewé sì jẹ́ ohun tí Ọlọ́run dá. Bẹ́ẹ̀ T4 tó wà nínú kóró náà àti T4 tí ọrùn ènìyàn ń ṣe, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n. Ara kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Asgand ni àlejò nínú ara ènìyàn, T4 kì í ṣe àlejò. Ibi tí oògùn náà sì ti wá kò jìnnà sí ohun tí àwọn bàbá wa mọ̀. Ní 1891, George Murray, dókítà kan ní Newcastle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú ẹṣẹ́ táírọ́ìdì àgùntàn, ó rẹ ẹ́, ó fún omi rẹ̀, ó sì ń gún un sára obìnrin ẹni ọdún 46 kan tí àìsàn yìí ti sọ di ẹni tí kò lè ta pútú. Ara obìnrin náà yá. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n rí i pé kò pọn dandan kí a fi abẹ́rẹ́ gún un, pé bí aláìsàn bá jẹ ẹṣẹ́ àgùntàn náà lẹ́nu, ó ń ṣiṣẹ́. Obìnrin yìí ń lo oògùn rẹ̀ títí ó fi kú ní 1919, ní ẹni ọdún 74. Àgbo ẹran ni, bí a bá fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀! Ohun tó sọ ọ́ di oògùn tòótọ́ ni pé wọn ò dúró síbẹ̀. Ní 1914, Edward Kendall ní Amẹ́ríkà yọ T4 fúnra rẹ̀ jáde nínú ẹṣẹ́. Ní 1927, Harington àti Barger ṣe é nínú láàbù ní Bìrìtìkó láìfi ẹranko kankan ṣe. Ìyẹn ló ṣí ọ̀nà tí a fi lè sọ iye tó wà nínú kóró kọ̀ọ̀kan lónìí.

“Títí ayé” ni ọ̀rọ̀ tó ń dẹ́rù ba ènìyàn jù, òun náà sì ni ọlọ́jà fi ń rí ọjà tà. Ẹ gbé páálí oògùn náà sọ́wọ́, kí ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀: máíkírógíráàmù 25, 50, 100. Máíkírógíráàmù mílíọ̀nù kan ló ń jẹ́ gíráàmù kan. Ẹni tó bá ń lo 100 lójoojúmọ́ fún 70 ọdún gbáko, gbogbo T4 tó máa gbé mì láyé rẹ̀ kò ju nǹkan bí gíráàmù méjì ààbọ̀ lọ; kò kún ṣíbí tíì kan. Ẹrù tí wọ́n ní a ó rù dé sàréè nìyẹn. Hakim á wá bu ìyẹ̀fun ṣíbí méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, á ní kí a má ṣe dá a dúró títí òun yóò fi sọ bẹ́ẹ̀, a ò sì ní pe ìyẹn ní ẹrù.

“Ṣùgbọ́n mo lò ó, ó ṣiṣẹ́ fún mi.” Ẹ̀rí yìí ló ń pa ẹnu àríyànjiyàn dé níbi gbogbo, òun ló sì yẹ ká tú wò fínnífínní. T4 kì í tètè kúrò lára: nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni ìdajì rẹ̀ fi ń lọ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan sí i kí ìdajì ìyókù tó lọ. Obìnrin tó bá ju kóró rẹ̀ nù lónìí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu àgbo lọ́la, agbára kóró tó jù nù ló ṣì ń gbé e rìn ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ọ̀sẹ̀ kejì yẹn ni wọ́n sì máa ń gba ẹ̀rí lẹ́nu rẹ̀ sínú fóònù, tí àwọn ẹlòmíràn á máa fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp. Nígbà tí òtútù bá padà dé ní oṣù kẹta, ta ló ń padà wá gbohùn rẹ̀ sílẹ̀?

Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé ara wọn á yá lóòótọ́, tí yóò sì yá náà bí wọn kò bá tiẹ̀ lo nǹkan kan. Àwọn obìnrin kan wà tí táírọ́ìdì wọn ń wú tó sì ń sọ iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá bímọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹṣẹ́ wọn ń bọ̀ sípò láàárín ọdún kan. Àwọn mìíràn, TSH wọn kàn lé díẹ̀ ni nígbà tí T4 wọn ṣì pé. Bí wọ́n bá tún ẹ̀jẹ̀ wọn yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ọ̀pọ̀ ló ti padà sí bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá ta ewé fún irú wọn kò lè ṣàì rí ìyìn gbà.

Ẹ sì jẹ́ ká sọ èyí tó gbè wọ́n. Wọ́n ti dán àwọn ewé wọ̀nyí wò. Ní Íńdíà, ìwádìí kan tó jáde ní 2018 fún ènìyàn 50 tí TSH wọn lé díẹ̀ ní nǹkan: àwọn kan gba ojúlówó egbò asgand, mílígíráàmù 600 lóòjọ́, àwọn yòókù gba ayédèrú tí kò ní agbára, fún ọ̀sẹ̀ 8. TSH àwọn tó lo asgand wálẹ̀. Ní Tabriz ní Ìráànì, wọ́n fún àwọn kan lára aláìsàn Hashimoto 40 ní ìyẹ̀fun Habbatu Sauda, gíráàmù 2 lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ 8. Ìwádìí náà jáde ní 2016, nọ́ńbà tiwọn náà sì dára sí i. Mo ka èyí sí ohun tó yẹ kí a tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn 50 àti 40 fún oṣù méjì péré ni. Kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì tó gbé ewé dojú kọ T4 láti mọ èyí tó lágbára jù, kò sì sí èyí tó ní kí ẹnikẹ́ni ju kóró rẹ̀ nù. Ọlọ́jà tó ń fi ìwádìí yìí polówó ti fi ẹsẹ̀ kan fo odò tí àwọn tó ṣe ìwádìí náà kò tíì débi etí rẹ̀.

Ẹ fi wé ohun tí àwọn tó ń lo T4 ṣe fún oògùn tiwọn. Ní 2017, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí àwọn àgbàlagbà 737 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 65 sókè, tí TSH wọn lé díẹ̀. T4 fa TSH náà wálẹ̀, ṣùgbọ́n àárẹ̀ ara wọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn tó lo ayédèrú. Wọn ò fi èsì náà pamọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé, àwọn dókítà tó gbọ́n sì ti ń ṣọ́ra láti fún irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ ní oògùn. Ìwé wo ni oníkalonji ti tẹ̀ jáde rí láti fi sọ pé, “Àwọn báyìí ni ọjà mi kò wúlò fún”?

Bí asgand bá sì lágbára lórí táírọ́ìdì ní tòótọ́, agbára náà gan-an ló yẹ kó bà wá lẹ́rù. Ohun tó lè gbé họ́mọ̀nù sókè lè gbé e kọjá ààlà, kí àyà máa já, kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí egungun máa fúyẹ́. Ní Dẹ́ńmáàkì, wọ́n fòfin de egbò asgand ní 2023. Ipa tó lè ní lórí họ́mọ̀nù táírọ́ìdì wà lára ohun tó kọ àwọn onímọ̀ wọn lóminú. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní 2013 tú oògùn afúnnilókun 10 tí wọ́n ń tà fún “ìlera táírọ́ìdì” wò nínú láàbù: mẹ́sàn-án ní T3 nínú, márùn-ún ní T4. Àwọn tó ń sá fún họ́mọ̀nù dókítà ń gbé họ́mọ̀nù mì láìmọ̀, láìsí ẹni tó wọ̀n ọ́n fún wọn. A ò tíì dárúkọ kushta, ìyẹn irin tí àwọn hakim máa ń jó di eérú kí wọ́n tó fi sínú oògùn, tí makúrì wà lára rẹ̀. Ní 2004, wọ́n yẹ oògùn Ayurveda 70 wò tí wọ́n rà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù agbègbè Boston. 14 ní òjé, makúrì tàbí ásẹ́níìkì nínú. Ayurveda nìyẹn, kì í ṣe Yunani, ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, orí àtẹ kan náà ni wọ́n sì wà.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn bàbá. “Ẹgbẹ̀rún ọdún ni wọ́n ti ń lò ó, ta lo jẹ́ tí o fi ń bi wọ́n?” Ibn Sina fúnra rẹ̀ ló ní kí n béèrè. Nínú ìwé kejì al-Qanun, ó to òfin ìdánwò oògùn sílẹ̀: kí àìsàn tí a fẹ́ dán an wò sí jẹ́ ẹyọ kan, kó má jẹ́ àdàlù, kí a kíyè sí ìgbà tí oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, kí iṣẹ́ rẹ̀ máa hàn léraléra, nítorí èyí tó hàn lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ èèṣì, kí a sì dán an wò lára ènìyàn, nítorí ohun tó ṣe ẹranko lè má ṣe ènìyàn. Òfin ìgbà yẹn nìkan tó láti da ẹ̀rí ọ̀sẹ̀ kejì nù. Ẹni tó ń ta àgbo lórúkọ Ibn Sina tí kò sì pa òfin Ibn Sina mọ́, orúkọ lásán ló jogún.

Àwọn kan jogún ju orúkọ lọ. Hakim Ajmal Khan ti Delhi, tó kú ní 1927, ni òléwájú Yunani nígbà ayé rẹ̀. Gandhi ló ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn tó dá sílẹ̀ ní 1921. Ọkùnrin yìí kò sá fún láàbù. Ó ní kí Salimuzzaman Siddiqui, ọ̀dọ́ onímọ̀ kẹ́míkà tó kàwé ní Jámánì, wá máa tú àwọn egbò náà wò. Ní 1931, Siddiqui yọ ohun kan jáde nínú igi Rauwolfia ilẹ̀ Íńdíà, ó sì sọ ọ́ ní ajmaline láti fi bọlá fún ọ̀gá rẹ̀. Títí dòní ni àwọn dókítà ọkàn ń lò ó. Nínú igi kan náà ni wọ́n ti yọ reserpine ní 1952, tó di oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mọ̀lẹ́bí igi yẹn ni asòfẹ́yẹjẹ tiwa, tí àwọn babaláwo àti oníṣègùn wa fi ń wo ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ewé àti egbò kò gbé nínú àyẹ̀wò. Inú àyẹ̀wò ni iyì wọn ti jáde. Èyí tó bá sá fún àyẹ̀wò ló yẹ ká fura sí.

Ẹni tó ń jìyà àríyànjiyàn yìí jù kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ oyún, T4 ìyá ni ọmọ inú fi ń ṣe ọpọlọ, nítorí kò tíì ní ẹṣẹ́ tirẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Aboyún tó ní àìsàn yìí sábà máa ń nílò T4 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ àsìkò yẹn ló lọ gbọ́ pé kó jáwọ́ nínú kóró, ọmọ ló fi tọrẹ. Ọmọ mìíràn sì wà tí wọ́n bí láìní ẹṣẹ́ náà rárá, tàbí tí tirẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Bí T4 kò bá kàn án láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bí i, ọpọlọ rẹ̀ á kù díẹ̀ káàtó títí ayé, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà. Láti 1974 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀jẹ̀ kán-ín-kán-ín gìgísẹ̀ ọmọ tuntun yẹ̀ ẹ́ wò ní Quebec ní Kánádà, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ti tẹ̀ lé wọn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni ọmọ náà ní. Hakim tó ní kí a fún òun ní oṣù mẹ́fà ti gba gbogbo ayé ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

N ò ní dá àwọn dókítà láre pátápátá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń kọ T4 fún ènìyàn láìla ẹnu: wọn ò ní sọ pé inú òfìfo ni kó máa lò ó, pé kó má fi oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú tàbí kálísíọ́mù gbé e mì, pé ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ara tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Obìnrin tó ní ó ń rẹ òun síbẹ̀, wọ́n á ní kó lọ dín oúnjẹ kù. Hakim ń jókòó tì í, ó ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹni tí wọn ò dá lóhùn ní ilé ìwòsàn kò jẹ̀bi bó bá lọ síbi tí wọ́n ti ń dá a lóhùn. Kí àwọn dókítà kọ́ sùúrù lọ́dọ̀ hakim, ó tọ́. Ṣùgbọ́n a kì í fi sùúrù rọ́pò T4.

Òfin wà nílẹ̀. Òfin Íńdíà ti 1954 lórí ìpolówó oògùn ka gẹ̀gẹ̀ mọ́ àwọn àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ polówó pé òun ní ìwòsàn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń rú u lójoojúmọ́ kò pa á rẹ́. Níbi tiwa, kí Àlùfáà àti Pásítọ̀ tó ń gbé òróró sórí pẹpẹ ọ̀rọ̀ mọ̀ pé ẹ̀mí ni wọ́n ń fi ọwọ́ mú. Hakim ní tirẹ̀, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò nira. Kó mú àwọn tí TSH wọn kàn lé díẹ̀, tí kò tíì pọn dandan kí wọ́n lo T4. Kó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kó tó fún wọn ní ewé, kó sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún kan, pẹ̀lú àwọn mìíràn tó lo ayédèrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kó tẹ gbogbo nọ́ńbà náà jáde, èyí tó dùn àti èyí tó korò. Bó bá borí, n ó fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé ó borí. Títí dìgbà yẹn, ẹni tó bá ń lo T4, kó máa lo T4 rẹ̀, ẹni tó bá sì ní kó jù ú nù, kó kọ́kọ́ bi í pé, “Ẹ̀jẹ̀ mélòó lẹ ti yẹ̀ wò?”